Ṣé kí n yáwó tún súpámákẹ́ẹ̀tì mi ṣe nítorí àwọn tó ń bọ̀?

Kàbà ni ìbéèrè yìí ti wá: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń tajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì mi létí títì. Ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú, 45 ní gígùn. Tí mo bá pa á pọ̀, mò ń ta bíi ₦350,000 lójúmọ́. Àwọn onísúpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ní ẹ̀ka káàkiri Kwara àti Èkìtì ti ń kọ́lé lọ́wọ́ nítòsí mi, wọ́n ní àwọn á ṣí i kí Kérésì tó dé. Ọmọ mi tó wà ní Abuja ní àfi kí n tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, kí tèmi má baà dà bí ìsọ̀ aláta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Kọngílá ti kọ iye rẹ̀ wá: àjà funfun POP, gíláàsì láti òkè délẹ̀ níwájú, AC mẹ́rin, táìlì dídán, pátákó oníná. ₦17 mílíọ̀nù ni gbogbo rẹ̀. Mílíọ̀nù márùn-ún wà lọ́wọ́ mi, báńkì sì ní àwọn á yá mi ní 12 tó kù, èlé 30 nínú 100 lọ́dún. Ṣé kí n gbà á?"

Òkun o, Màmá. Ẹ kú ìrònú. Ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yín, ó sì yẹ ká tú wọn kí owó tó jáde lápò. Ṣé àwọn tó ń bọ̀ máa kó oníbàárà yín lọ? Ṣé ṣọ́ọ̀bù yín nílò àtúnṣe? Ṣé owó báńkì ló yẹ kó ṣe é? Kọngílá dáhùn èyí tó wà láàárín nìkan, bí ẹni tó ń ta POP ló sì ṣe dáhùn ún. Lójú tèmi, àwọn kan máa lọ lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù náà sì nílò àtúnṣe, ṣùgbọ́n èyí tó nílò kọ́ ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ fún yín. Owó báńkì yẹn ò tilẹ̀ yẹ kó wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi owó báńkì ṣíwájú, torí òun ló lè pa ọjà kí àwọn tó ń bọ̀ tó dé. Èlé 30 nínú 100 lórí ₦12 mílíọ̀nù jẹ́ ₦3.6 mílíọ̀nù lọ́dún, ìyẹn ₦300,000 lóṣù, láì tíì dá kọ́bọ̀ padà nínú ojú owó. Ẹ ń ta ₦350,000 lójúmọ́. Tí ẹ bá ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù, ₦9.1 mílíọ̀nù ni. Ṣùgbọ́n owó ọjà yàtọ̀ sí èrè. Nínú irú ọjà tí súpámákẹ́ẹ̀tì ìlú wa ń tà, tó jẹ́ pé mílíìkì, ìndómì, ṣúgà àti ọṣẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó bá rí ₦12 lórí ₦100 tó tà, kò ṣe burú. Ìyẹn fún yín ní nǹkan bíi ₦1.09 mílíọ̀nù lóṣù, inú rẹ̀ náà lẹ ti máa san owó àwọn ọmọ iṣẹ́, owó iná, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ilé. Èlé báńkì nìkan á gbé ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kí ẹ tó lè rí owó èlé yẹn san láìjẹ pé ẹ fọwọ́ kan èrè àtijọ́, ọjà tí ẹ ń tà gbọ́dọ̀ fi ₦2.5 mílíọ̀nù lé sí i lóṣooṣù, lásìkò tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn nítòsí. Àjà funfun kì í ta ìndómì. Ẹ tún ìṣirò yín wò dáadáa o, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ṣi èrè ṣírò: ẹni tó ra nǹkan ní ₦1,000 tó tà á ní ₦1,120 á ní òun jèrè 12 nínú 100. Lórí iye tó fi rà á nìyẹn. Lórí iye tó tà á, kò pé 11.

Ohun tó ń lé oníbàárà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín kì í sábà jẹ́ àjà. Ó wá ra mílíìkì alágolo, wọ́n ní ó ti tán. Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò tíì dé. Nígbà kẹta, kò ní yà mọ́. Tàbí kó ra bisikíìtì fún ọmọ, kó délé kó rí i pé ó ti rọ̀, ó sì ń run ọṣẹ. Tàbí kí wọ́n lẹ ₦1,800 mọ́ pẹpẹ, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó kí wọ́n ní ₦2,100 ni, "a ò tíì yí i padà ni o." Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ìbínú: òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò kò fàyè gbà á pé kí ẹ gbà ju iye tí ẹ lẹ̀ síta lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí gíláàsì máa wò sàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí títóbi wọn já yín láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àgbà rántí Kingsway, ilé ìtajà tí wọ́n ń wọṣọ ìgbafẹ́ lọ nígbà kan. Kò sí mọ́. Shoprite ṣí ti Èkó ní 2005. Nígbà tó fi máa di 2021, ilé-iṣẹ́ South Africa tó dá a sílẹ̀ ti ta ìpín rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ti kó ẹrù rẹ̀. Ilé ńlá, ìnáwó ńlá ni. Mi ò fi èyí sọ pé àwọn tó ń bọ̀ wá bá yín máa kógbá wọlé. Kí ẹ má kàn fi ọ̀ràn dídán bá wọn díje ni, torí owó tí wọ́n ní láti fi dán ju tiyín lọ.

Ibi tí wọ́n ti lágbára gan-an ni ìdí ọjà. Gbogbo ẹ̀ka wọn ni wọ́n ń rajà fún lẹ́ẹ̀kan, àwọn alápínkiri sì lè fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá bá wọn kí wọ́n sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Nítorí náà, ẹ máa rí ọjà kan lórí pẹpẹ wọn ní iye tí ẹ̀yin fi rà á ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n tiẹ̀ lè ta díẹ̀ nínú ọjà láìjèrè kí ẹsẹ̀ lè mọ ọ̀nà. Àṣìṣe tí oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rù bá ń ṣe ni pé ó máa ń gé owó gbogbo nǹkan wálẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: tí ẹ bá ń jèrè ₦12 lórí ₦100, tí ẹ wá gé owó gbogbo ọjà ní 5 nínú 100, ₦7 ló kù. Kí èrè yín tó lè padà síbi tó wà, ẹni tó ń ta páálí mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ta ju mẹ́tàdínlógún lọ. Èèyàn tó máa ra méje tó lé yẹn ò sí ní Kàbà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ẹ jókòó kọ orúkọ ọjà bíi 25 tí gbogbo èèyàn mọ iye rẹ̀ lórí: ìndómì, ṣúgà, iyọ̀, mílíìkì inú ọ̀rá, Milo, òróró, ọṣẹ ìfọṣọ, búrẹ́dì, tómátì alágolo àti irú wọn. Ẹ rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kó lọ ra nǹkan kékeré kó sì wo iye tí wọ́n ń ta àwọn ọjà wọ̀nyí. Lórí wọn nìkan ni kí ẹ ti sún mọ́ wọn, kí ìyàtọ̀ má ju iye tí kò tó owó ọ̀kadà lọ. Kò di dandan kí tiyín rẹlẹ̀ sí tiwọn. Orí ọjà tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye rẹ̀ lẹ ti máa rí èrè: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, kóòmù, ìpara ọmọ, ìwé àti bírò, abọ́, ṣíbí, èròjà ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rántí iye tí kóòmù jẹ́ lóṣù tó kọjá.

Àtúnṣe tó ń mówó wọlé wà lórí bí pẹpẹ ṣe tò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 30 gba pẹpẹ ara ògiri lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ síta ní íǹṣì 16, àti ìlà pẹpẹ olójú méjì mẹ́ta láàárín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Tí ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn, ó ku bíi ẹsẹ̀ bàtà 18 tí ọ̀nà mẹ́rin máa pín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀. Ìyá tó pọnmọ, tó sì gbé agbọ̀n dání, lè ṣe kòńgẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀ láìsí pé wọ́n fara gbúnra. Kápẹ́ńtà á sọ fún yín pé ìlà kẹrin ṣì lè wọ̀ ọ́. Ó lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà á di márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì kù sí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹni tó bá ti rí èèyàn kan níbi tó há tó bẹ́ẹ̀ ò ní wọbẹ̀, ọjà tó wà níbẹ̀ á sì máa gba eruku.

Kí pẹpẹ àárín má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ti ara ògiri lè tó 7. Ẹni tó jókòó nídìí owó gbọ́dọ̀ lè rí orí èèyàn dé ògiri ẹ̀yìn, atẹ́gùn fáànù sì gbọ́dọ̀ ráyè kọjá. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá, bí ìrẹsì, ṣúgà, iyọ̀ àti búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n gba àárín ọjà yòókù kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Láti igbáàyà dé ojú ni ọwọ́ ti ń mú nǹkan láìronú. Ibẹ̀ ni ti ọjà tó ń mú èrè wá, ohun tó wúwo kó wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń to ọṣẹ: ọṣẹ ìfọṣọ, lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn ò gbọdọ̀ wà lójú pẹpẹ kan náà pẹ̀lú búrẹ́dì, bisikíìtì, tíì tàbí ìyẹ̀fun. Ọ̀rá tí wọ́n fi di bisikíìtì ò dí òórùn lọ́nà tó bí ẹ ṣe rò, nínú ooru inú oṣù kẹta ní Kàbà, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó kó fi máa gba òórùn ọṣẹ. Ẹ fi ìlà kan sáàárín wọn, ó kéré tán.

Níbi tí mo dé yìí ni mo ti máa bá gíláàsì kọngílá jà. Tí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, gíláàsì láti òkè délẹ̀ á gbé oòrùn ọ̀sán wọlé wá lu ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti bíi aago méjì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣokoléètì á yọ́, bọ́tà á ya omi, àwọ̀ páálí á ṣá kó tó pé oṣù méjì, ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì dà bí èyí tó ti pẹ́. AC tí ẹ wá rà á máa bá oòrùn tí ẹ fowó ara yín gbà wọlé jà. Fèrèsé tó mọ níwọ̀n, tí ìbòòrùn bí ẹsẹ̀ bàtà 4 yọ síta lórí rẹ̀, á ṣe iṣẹ́ náà, á sì fún ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà níbi tó máa yà sí. Ẹni tó yà torí òjò máa ń ra nǹkan.

Iná ni owó tí ẹ máa ná máa pọ̀ sí jù. Ẹ kọ iná tí ṣọ́ọ̀bù yín ń jẹ sílẹ̀. Fíríìsà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 200 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, 600. Gílóòbù LED gígùn 16, wáàtì 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, 288. Fáànù mẹ́fà, bíi 420. Kọ̀ǹpútà méjì nídìí owó, bíi 200. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi wáàtì 1,500 lọ. AC oní-họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ kan ṣoṣo ń jẹ tó wáàtì 1,200. Mẹ́rin tí kọngílá kọ yẹn á jẹ ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín lọ. Iná ìjọba tí AEDC, iléeṣẹ́ apínná, ń mú wá ò ní gbé e lójoojúmọ́, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sẹ́ni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan AC tí èrè rẹ̀ ń kù. Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn sókè lára ògiri, kí fáànù tó ń fa ooru jáde wà níbẹ̀, kí páànù orí ilé má ṣàìní àjà tó ń dí ooru lábẹ́. Èyí tó bá wù yín nínú àjà ni kí ẹ lò; pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní funfun ò ṣe ọjà ní nǹkankan.

Sólà ló yẹ kó gba ààyè AC. Ínfátà 5kVA kan pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù bíi 5kWh á gbé wáàtì 1,500 yẹn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru, nígbà tó jẹ́ pé fíríìsà nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń sinmi láàárín. Páànẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ oníwáàtì 400 lè mú bíi 12kWh wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bò ó, iye yẹn á já wálẹ̀, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ínfátà kékeré tàn yín pé wáàtì yín ò pọ̀: ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìsà bá ń gbéra, ó ń fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iná rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni ínfátà kékeré máa ń kú sí. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ wáàtì àti iye ọdún tí wọ́n fi dá bátìrì lójú sínú ìwé.

Fíríìsà fúnra rẹ̀, èyí tó ń ṣí lókè bí àpótí ló dára fún ìlú tí iná ti ń lọ. Atẹ́gùn tútù wúwo. Tí ẹ bá ṣí irú èyí, ó dúró sínú, tí ẹ bá ṣí èyí tó dúró bí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ṣàn jáde dà sílẹ̀. Kí ẹja àti adìyẹ wà ní 18 lábẹ́ òdo. Ẹ ra tẹ̀mómítà olówó pọ́ọ́kú kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti ní alẹ́. Fíríìsà tó kún, tí wọn ò ṣí, lè di òtútù mú fún bíi ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ kó ẹja tó pín sínú fíríìsà méjì jọ sínú ọ̀kan, kí ẹ pa èkejì. Ẹja tó ti yọ́ tán, tí wọ́n tún dì padà, oníbàárà ò ní bá yín jà lórí rẹ̀. Kò kàn ní padà wá ni. Kí fíríìsà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ láti ibi bọ́ọ̀dù, wáyà 2.5mm, kí ó fi bíi íǹṣì 5 jìnnà sí ògiri, kó sì ní sítébíláísà tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó gbé iná sí i. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan fún fíríìsà méjì, iná ló ń bọ̀ níwájú yẹn.

Ní ti ilé náà, àwọn nǹkan tí a kò lè rí láti òkèèrè ló ṣe pàtàkì jù, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè gòkè lọ wò wọ́n: ibi tí páànù ti ń jò, àti ibi tí ikán ti ń gun ògiri. Méjèèjì gbọ́dọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àjà. Pẹpẹ onípákó tó kan ògiri ní agbègbè wa, oúnjẹ ikán ni. Ẹ lo irin fún ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi Solignum, oògùn tó ń lé ikán, kun pákó kó tó wọlé. Páálí inú yàrá ìkẹ́rù kó wà lórí pákó tó ga tó íǹṣì 6, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri, torí ibi tí ìgbálẹ̀ ò dé ni eku máa ń bímọ sí. Ẹ yẹra fún táìlì dídán o: òjò kan, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ mẹ́ta, màmá ẹni kan á ti ṣubú. Èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí kì í yọ̀, ni kí ẹ rà. Ọ̀dà olómi ni kí wọ́n kùn, kì í ṣe ọlọ́ràá, kí ẹ sì kó oúnjẹ kúrò nítòsí títí òórùn ọ̀dà á fi lọ tán, torí ìyẹ̀fun àti tíì máa gba òórùn náà kíákíá.

Ìgbà tí ẹ máa ṣe é náà lọ́rọ̀ nínú. Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, tí àwọn ọmọ wa ń ti Èkó, Abuja àti ibi gbogbo wálé, ẹ má jẹ́ kí òkúta kan hú nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín. Ohun tó yẹ kó ṣe kí Kérésì tó dé ni ìtò pẹpẹ, àmì owó, fíríìsà àti gbàǹjo. Ẹ ka gbogbo ọjà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, ẹ gé owó rẹ̀ kí ó lọ. Èyí tó ti kọjá, ẹ dà á nù lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ kó má baà padà sórí pẹpẹ. Ilẹ̀, òrùlé àti ọ̀dà kó dúró di ìdajì kejì oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ti gbẹ, tí òjò ò sì sí. Ẹ ta tapólì sáàárín ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣe apá kan nígbà tí ẹ ń tajà ní apá kejì. Wáyà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà ilẹ̀, ọ̀dà kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe ilẹ̀ kó tó ṣe òrùlé á ṣe ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbìyànjú kó parí kí oṣù kejì tó tán, torí owó kajú ti ń wọ ìgbèríko Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà láti ìgbà yẹn títí dé oṣù karùn-ún, Àjíǹde sì wà láàárín rẹ̀.

Nípa ẹ̀rọ ìdí owó, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. POS tí a fi ń fa káàdì ò mọ iye ìndómì tó kù. Ohun tí ẹ nílò ni kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ilà dúdú ara ọjà, tó ń tẹ rìsíìtì, tó sì ń dín ọjà kù nínú ìwé bí ẹ ṣe ń tà á. Tí 2 nínú 100 ọjà yín bá ń sọnù sọ́wọ́ olè, eku àti àṣìṣe, ₦182,000 lóṣù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ò wúlò tí ẹnì kan ò bá máa ka pẹpẹ kan lójúmọ́ kó fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Ẹ lè béèrè pé ṣé kò sí ọ̀nà míì yàtọ̀ sí kí ẹ dá nìkan dúró. Ó wà. Tí ẹ̀yin àti oníṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ̀pà àti òmíràn ní Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ́ bá kó owó ọjà márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀, ẹ lè gbé ọkọ̀ kan wálé láti ọwọ́ alápínkiri, kó máa já a sílẹ̀ lójú títì kan náà. Iye tí ẹ máa rà á á sún mọ́ tiwọn. Wàhálà rẹ̀ ni gbèsè: ẹnì kan á ní òun á san lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹtì mẹ́ta á kọjá. Kí owó pé lọ́wọ́ ẹnì kan kí ọkọ̀ tó gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ọjà ilé wa: gaàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, oyin, epo pupa, kajú sísun. Àwọn tó ń bọ̀ lè má tà wọ́n rárá, ẹni tó ń padà sí Abuja lẹ́yìn òkú ọjọ́ Àbámẹ́ta sì máa ń wá wọn. Ẹ wọ̀n ọ́n fún un níṣojú rẹ̀, tàbí kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Oúnjẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín dì sínú ọ̀rá aláwòrán láìsí nọ́ńbà lè kó yín sí wàhálà. Ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó náà ń bẹ: omi, mínírà, ike, gbogbo ohun tí ẹlẹ́bí máa ń wá láti Ọjọ́bọ̀. Tí ẹ bá lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí ẹ sì gba èyí tí wọn ò lò padà, wọn ò ní lọ to ìlà níbòmíràn.

Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba ni pé gbogbo èyí ò ní dá ọjà dúró síbi tó wà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú á fẹ́ rí, gbogbo ìlú á lọ wo tuntun, ọjà yín á wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ná mílíọ̀nù márùn-ún yẹn tán. Ó kéré tán, kí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dúró bí owó ọjà, kí pẹpẹ má baà ṣófo lásìkò tí owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, torí pẹpẹ tó ṣófo nígbà yẹn ni wọ́n á fi sọ pé ẹ ti fẹ́ palẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà tí ọjà ò tíì padà sí bíi ₦280,000 lójúmọ́, àtúnṣe ò ní gbà á mọ́. Ẹ wo bóyá kí ẹ pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì kí ẹ máa fi apá kan ta ọjà ní páálí páálí fún àwọn tó ń tún un tà, tàbí kí ẹ yá ẹlòmíràn ní apá náà. Tí kọngílá bá sì padà wá, ẹ sọ fún un pé òrùlé àti ilẹ̀ ni, kí ó tún ìwé kọ. Ẹ ra irin, páànù àti táìlì fúnra yín, kí owó iṣẹ́ nìkan kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì di ìdá mẹ́wàá rẹ̀ mú títí òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹrin á fi rọ̀ lé orí páànù náà.